Imú Mẹ́sàn-án fún Gbọ̀ngàn Ìlú

Mi ò mọ ojú bàbá mi títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kì í ṣe pé wọ́n sá fi wá sílẹ̀ o. Wọ́n kú ni, oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó bí mi, àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré. Ohun tó ń dùn mí ni pé fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n yà láyé wọn, inú rẹ̀ ni wọ́n ti sín.

Fọ́tò ìgbéyàwó ni. Màmá mi dúró nínú aṣọ funfun, òdòdó lọ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé eyín wọn ṣeé kà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ọkùnrin gíga kan wà tó wọ kóòtù, aṣọ ìnujú sì bo gbogbo ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Fọ́tò kan yẹn ló kù nínú fíìmù ayàfọ́tò lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ń lọ mú fíìmù míì wá, òun ò ní pẹ́. Kò dé títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá jí, aṣọ ìnujú yẹn ni mo máa ń kí lórí ògiri: "Ẹ káàárọ̀, bàbá mi."

Bí mo bá béèrè pé báwo ni bàbá mi ṣe rí, màmá mi á ní, "Wọ́n rẹwà."

"Ẹwà báwo?"

Wọ́n á na àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn sínú afẹ́fẹ́, wọ́n á fi wọ́ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò rí láti òkè wá sílẹ̀, wọ́n á ní, "Báyìí."

Ẹ sọ fún mi, ṣé ìdáhùn nìyẹn?

Àmọ́ mi ò lè bá wọn jà, iṣẹ́ wọn ló fà á. Òkúta mábù ni màmá mi ń dán. Ṣọ́ọ̀bù àwọn agbẹ́re, àwọn tó ń gbẹ́ ère, lẹ́yìn ọgbà ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ilé gbọọrọ kan tó jẹ́ páànù lókè, páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí òkúta bá dé, àwọn ọkùnrin olókùn á fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, wọ́n á yí i wọlé lórí igi róbótó-róbótó. Bàbá mi ni olórí àwọn olókùn yẹn nígbà ayé wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé màmá mi. Ọ̀gá agbẹ́re á wá fi òòlù àti ṣísù gé òkúta náà, ṣísù ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló kọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn náà eléyín, lẹ́yìn náà ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ. Bó bá ti ń jọ èèyàn, tí ara rẹ̀ ṣì rí págunpàgun, wọ́n á gbé e fún màmá mi. Yanrìn oníhóró ńlá àti omi, yanrìn kíkúnná àti omi, àkísà tútù, ìda oyin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ojú kan. Àkísà ló wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń ríran. Wọ́n á di ojú, wọ́n á fi àtàǹpàkò wọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère, wọ́n á ní, "Ibí yìí ṣì ń bá mi ṣagídí," wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Màmá Alátàǹpàkò ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè wọ́n. Wọ́n máa ń sọ pé ojú ń purọ́, àtàǹpàkò kì í purọ́.

Eruku funfun yẹn máa ń tẹ̀lé wọn wálé lójoojúmọ́. Ó wà nínú búrẹ́dì wa, ó wà lórí ìpéǹpéjú wọn. Èmi tí mò ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nígbà náà, bí mo bá gbé aṣọ dúdú wálé láti rán, á ti di aláwọ̀ eérú kí n tó rán apá rẹ̀ kan tán. Mo gbà pé eruku yẹn ló ń fi imú bàbá mi ṣeré. Wọ́n ní bí ẹnìkan bá kàn dárúkọ òkúta níwájú wọn, wọ́n á sín.

Ó wá di ọdún tí ìlú kọ́ Gbọ̀ngàn tuntun, ilé ńlá tí àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn àgbàlagbà máa ń jókòó sinmi lágbedeméjì rẹ̀. Wọ́n ní àfi kí ère mábù mẹ́sàn-án dúró nínú rẹ̀, ère àwọn baba ńlá mẹ́sàn-án tó tẹ ìlú dó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìṣòro kan péré ló wà níbẹ̀: kò sẹ́ni tó mọ bí èyíkéyìí nínú wọn ṣe rí. Ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti kú. Kò sí fọ́tò, kò sí àwòrán, kódà kò sí aṣọ ìnujú.

Alága Ìgbìmọ̀ Ọ̀ṣọ́, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ní kò sí wàhálà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í parẹ́. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan wá wo ère baba ńlá tiwọn, kí wọ́n sọ ibi tí kò jọ ọ́, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ère tí ìdílé rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí kò ní wọ Gbọ̀ngàn.

Ọ̀gá agbẹ́re gbọ́, ó fọwọ́ lérí. Ó mọ ohun tí Alága ò mọ̀, pé òkúta ṣeé gé, kò ṣeé lẹ̀. Bí ìdílé kan bá dé tí wọ́n ní imú ti kéré jù, ta ni yóò bá wọn lẹ imú mọ́ mábù? Ó rò ó títí. Ó wá pinnu pé òun á gbẹ́ ère mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pẹ̀lú imú tó tóbi ju ti ẹnikẹ́ni tó tíì gbé ilẹ̀ ayé rí, òun á fi òkúta ojú wọn náà sílẹ̀ ní nínípọn, kí Màmá Alátàǹpàkò máa fá a kù díẹ̀díẹ̀ títí ìdílé yóò fi ní ó tó. Bí wọ́n ṣe kó ọkùnrin mẹ́sàn-án wá síwájú màmá mi nìyẹn. Aṣọ wọn ṣẹ́po dáadáa, ọwọ́ wọn gún régé, imú kọ̀ọ̀kan sì tó ìkúùkù mi. Wọ́n tò lára ògiri bí àwọn tó ń dúró de dókítà.

Ìgbìmọ̀ rán akọ̀wé kan wá pé kó máa bójú tó iṣẹ́ náà. Akọ̀wé Imú là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ni tí kì í rẹ́rìn-ín, aago mẹ́sàn-án géérégé ló máa ń dé. Ó ní rúlà, ó ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń wọn nǹkan, òǹtẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú àpò àyà. Òfin tó kọ́kọ́ kà fún wa ni pé imú ère gbọ́dọ̀ bá imú ẹnìkan, ó kéré tán, nínú ìdílé mu. Ìyàtọ̀ tó bá fi lè ju fífẹ̀ èékánná lọ, kò sí òǹtẹ̀.

Ìdílé àkọ́kọ́ dé ní Sátidé kan. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ló ṣáájú wọn. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àbúrò ń ta táyà. Imú ẹ̀gbọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, ti àbúrò yọ ṣóńṣó.

"Imú baba wa tẹ́," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín? Ṣé ẹ bá wọn jẹun rí ni?"

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ bá wọn jẹun?"

"Mi ò bá wọn jẹun, àmọ́ imú wọn ni mo gbé sójú yìí!"

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Màmá mi dúró láàárín wọn pẹ̀lú àkísà tútù, omi ń kán sí bàtà tíṣà. Akọ̀wé Imú wọn ẹ̀gbọ́n, ó wọn àbúrò, ó ṣí ìwé òfin, ó kà á síwá sẹ́yìn. Ó ní òun ò rí ibì kankan tí òfin ti sọ pé ihò imú méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnìkan náà. Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn. Ẹ lọ wò ó lónìí. Bí ẹ bá dúró lápá òsì, baba ńlá yẹn tẹ́ nímú, bí ẹ bá bọ́ sápá ọ̀tún, ó yọ ṣóńṣó. Bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀ gan-an, ẹ ó rò pé ojú yín ló ń ṣe yín.

Ìdílé kẹta ló wá le jù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ni olórí wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ó wo ère, ó mi orí, ó ní, "Ẹ bá mi fá a díẹ̀ sí i." Màmá mi fá a. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ní, "Díẹ̀ sí i, màmá, ẹ má bínú." Lọ́sẹ̀ kẹta, díẹ̀ sí i. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, màmá mi na àtàǹpàkò síbi tó yẹ kí imú wà, àtàǹpàkò rìn tààrà láti àárín ojú dé ètè, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Nọ́ọ̀sì fà sẹ́yìn, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ó ti ń jọ wọ́n," ó wí.

Akọ̀wé Imú fi rúlà wọn ibi pẹrẹsẹ yẹn, kò rí nǹkan kan kọ sílẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Alága. Alága wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó ní kí wọ́n kọjú ère náà sí ògiri, kí wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ pé: Ó Ń RONÚ NÍPA ÌLÚ.

Lọ́jọ́ yẹn, ìbínú ni màmá mi fi jẹun. "Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń dán òkúta," wọ́n wí. "Mi ò rí ibi tí òkú ti ń ṣe yàngà tó báyìí."

"Kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe orí ọ̀bọ tí kò ní jọ ti ìnàkí," mo dá wọn lóhùn. Wọ́n sọ àkísà lù mí.

Díẹ̀díẹ̀, mẹ́jọ gba òǹtẹ̀. Ó ku ẹnìkan. Ìdílé ẹni kẹsàn-án ti ṣí kúrò nílùú látayébáyé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wà. Akọ̀wé Imú lẹ ìkéde mọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ibùdókọ̀, kò sẹ́ni tó yọjú. Òfin wá há wa mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Ère tí kò ní ìdílé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fá imú rẹ̀. Ère tí wọn ò fá imú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ Gbọ̀ngàn. Pèpéle mẹ́sẹ̀ẹ̀sán nínú Gbọ̀ngàn sì gbọ́dọ̀ kún kó tó di ọjọ́ ìṣílé. Akọ̀wé ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí wa létí, ó sì gba ilé lọ. Ère yẹn dúró ní kọ̀rọ̀, màmá mi ń fi báàgì wọn kọ́ imú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fọ ife nídìí ẹ̀rọ omi nílé wa, màmá mi dìde nídìí tíì tí wọ́n ń mu, wọ́n wá di imú mi mú. Wọ́n di ojú, wọ́n fi àtàǹpàkò wọ́ igi imú mi láti òkè délẹ̀, wọ́n tún wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ̀yin màmá yìí, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, tèmi ni Ọlọ́run fún ẹ. Àgbọ̀n yìí, tèmi ni. Ṣùgbọ́n imú yìí, imú bàbá ẹ ni. Kò fi nǹkan kan yàtọ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú wọn, ẹ̀rín náà sá.

"Wọ́n ti ń lọ mọ́ mi lọ́wọ́," màmá mi wí. "Tẹ́lẹ̀, bí mo bá na àtàǹpàkò báyìí, mo máa ń bá wọn níbẹ̀. Láti bí ọdún méjì, mi ò mọ̀ bóyá ojú wọn ni mò ń wọ́ tàbí ojú àwọn òkúta tí mò ń dán. Bí mi ò bá gbé e lé nǹkan kan lórí báyìí, ó máa lọ pátápátá. Ìwọ ò sì ní rí wọn láé."

Mo fi ọwọ́ ọṣẹ nu ojú, ọṣẹ sì kó wọ ojú mi, mo wá rí àwáwí tó dára láti sunkún.

Màmá mi lọ bá Ọ̀gá agbẹ́re. Wọ́n sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ọ̀gá wo ère kẹsàn-án, ó wo báàgì tó wà ní imú rẹ̀, ó sì rántí ọkùnrin olókùn tó máa ń sín.

"Alátàǹpàkò," ó wí, "bí Akọ̀wé bá béèrè lọ́wọ́ mi, èmi ò sí níbẹ̀ o."

Ó fi ṣísù kékeré mẹ́ta sórí bẹ́ǹṣì, ó sì bọ́ síta. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá fẹ́ kọjá níwájú ère yẹn, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn bí akàn kó má bàa rí i.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni màmá mi ń dé ṣọ́ọ̀bù. Láti mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, bàbá mi ni wọ́n ń gbẹ́. Bó bá ku díẹ̀ kí mẹ́sàn-án lù, wọ́n á fi àpò tútù bo orí ère náà, wọ́n á lọ máa dán etí ẹlòmíì. Èmi ni mò ń bá wọn pọn omi lọ́jọ́ Sátidé. Wọn ò jẹ́ kí n wo abẹ́ àpò. "Mi ò tíì bá wọn dé ètè," wọ́n á wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìrìn àjò.

Ní Sátidé kẹrin, wọ́n nu ọwọ́ wọn lára aṣọ, wọ́n ká àpò kúrò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni imú mi lójú ẹlòmíì. Lẹ́yìn ìyẹn ni iwájú orí tó ga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, etí tó yọ síta díẹ̀. Ojú méjèèjì sún kì, ìpéǹpéjú gòkè, ètè là díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ga ju èkejì lọ.

"Màmá, kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Wọ́n fẹ́ sín."

"Màmá!"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n jù lọ nìyẹn. Bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sín, wọ́n máa ń wò mí báyìí, bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan kan tó dára fún mi. Mo máa ń dúró kí n gbọ́ ọ. Wọ́n á wá sín."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí garawa omi, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ mi lẹ́nu. Lójú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ràn bàbá mi. Inú tún bí mi gidigidi, nítorí ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kí aṣọ.

Ní Sátidé tó ku ọjọ́ mẹ́jọ sí ìṣílé ni ìdílé ẹni kẹsàn-án bá yọ lójijì. Ìkéde tó wà ní ibùdókọ̀ ló bá wọn níbi tí wọ́n wà. Àwọn méje ni wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù, Akọ̀wé Imú ló ṣáájú wọn, aago mẹ́jọ ààbọ̀ sì ni. Kò dé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ rí láyé rẹ̀. Màmá mi ń fi ìda pa iwájú orí bàbá mi lọ́wọ́, kò sí àyè àpò mọ́.

Akọ̀wé wo imú ère. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló fá imú yìí?"

Ọ̀gá agbẹ́re gbójú sókè, ó ń wo páànù bí ẹni tó gbọ́ pé òjò ń bọ̀.

"Ẹ jẹ́ n rí i ná," ni ohùn kan wí. Ìyá àgbà kan ni, olórí àwọn méje náà, dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ife. Ó sún mọ́ ère náà, ó sún mọ́ ọn débi pé dígí rẹ̀ kan mábù. Bí obìnrin yìí bá fi lè sọ pé "ẹ bá mi fá a díẹ̀," bàbá mi parẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, màmá mi fúnra wọn ni yóò sì fi ọwọ́ ara wọn pa wọ́n rẹ́.

"Baba wa nìyí!" ni ìyá àgbà ké. "Ó kù kó sọ̀rọ̀! Ẹ wo bó ṣe ń wò mí! Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn!"

Obìnrin tó jẹ́ pé ìyá ìyá ìyá rẹ̀ gan-an ò bá ọkùnrin yẹn láyé. Mo fẹ́ di mọ́ ọn.

Àmọ́ ayọ̀ mi ò pẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, géńdé kan tó ń tún rédíò ṣe, fọwọ́ kan imú ara rẹ̀. "Màmá, imú wa kọ́ nìyí. Tiwa gùn ju báyìí lọ."

Akọ̀wé Imú ti yọ rúlà. Ó tò wọ́n sí ìlà, ó wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀je. Kò sí ọ̀kan tó bá ti ère mu, gbogbo wọn ló gùn jù ú lọ, a ò sì lè fi kún òkúta. Akọ̀wé pa ìwé dé.

"Ère yìí ò lè wọlé," ó wí. "Màá kọ ọ́ sínú ìròyìn mi. Wọ́n á là á, wọ́n á fi ṣe àtẹ̀gùn."

Màmá mi rìn lọ dúró síwájú ère náà, wọ́n na apá méjèèjì, àkísà ní ọwọ́ kan, ìda ní ìkejì. Obìnrin tí orí rẹ̀ ò ju àyà ère lọ. Ìgbà yẹn ni ara mi gbóná.

"Ẹ wọn tèmi," mo wí.

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tó ń pọn omi?"

"Ṣé òfin sọ pé ẹni tó bá ń pọn omi ò gbọdọ̀ ní imú ni?"

Akọ̀wé ronú sí i. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi rúlà wọn imú mi, ó wọn ti ère, ó padà sí tèmi. Ó fi okùn wọ̀n ọ́n. Ó wọn ihò imú, ó wọn igi imú. Kò fi fífẹ̀ èékánná yàtọ̀, kò fi fífẹ̀ irun yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ̀n ọ́n.

"Ọmọ wa tó sọnù!" ni ìyá àgbà onídígí bá tún ké, ó sì ká mi mọ́ra. Títí dòní mi ò mọ ọmọ tó sọnù fún wọn.

Akọ̀wé fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lábẹ́ iye tó wọn: kí ni ẹ jẹ́ sí ẹni tí wọ́n gbẹ́ yìí? Gbogbo wọn ń wò mí. Mo lè kọ irọ́, irọ́ ló yẹ kí n kọ, irọ́ ni àwọn mẹ́jọ yòókù fi wọlé. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọkùnrin yẹn tó fẹ́ sín, ọwọ́ mi kọ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: Bàbá tó bí mi lọ́mọ ni.

Akọ̀wé kà á. Mo rí i tó ń fi ìka ṣírò, igba ọdún ó lé sí ọdún mọ́kàndínlógún. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé òótọ́ lo kọ síbí yìí?"

"Òótọ́ ni, sà."

Ó wo màmá mi tí apá wọn ṣì wà ní nínà. Ó wo ère. Ó wá wo imú mi, láìfi rúlà wò ó.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti fún mi níṣẹ́ yìí," ó rọra wí, "ìwọ lẹni àkọ́kọ́." Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́: "Imú ni fọ́ọ̀mù yìí ń béèrè. Kò béèrè ọdún." Ó lu òǹtẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ ìṣílé, ìlà iwájú ni wọ́n fi àwọn ìdílé sí. Bẹ́ẹ̀ ni màmá mi, tí wọ́n ti dán gbogbo ère Gbọ̀ngàn yẹn lórí ìdúró, ṣe jókòó lórí àga onítìmùtìmù láàárín àwọn èèyàn ńlá, ìyá àgbà onídígí sì ń pè wọ́n ní ìyàwó wa. Aṣọ tí mo rán fún wọn ni wọ́n wọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ère kẹsàn-án, Alága na ọwọ́ sí i.

"Ẹ wo ojú yìí!" ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. "Ojú ẹni tó rí ọ̀la ìlú yìí ṣáájú gbogbo wa!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá mi tẹ́nu mọ́ mi létí: "Ọ̀la wo? Ẹni tí eruku kó sí nímú."

Ayàfọ́tò ní kí àgbà ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ dúró ti ère tiwọn. Ìyá àgbà onídígí ní ojú ti fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, kí ìyàwó wọn lọ. Màmá mi gun àtẹ̀gùn pèpéle, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn bí wọ́n ṣe dúró lógún ọdún sẹ́yìn, apá òsì. Wọ́n gbójú sókè wò wọ́n. Mo rí wọn tí wọ́n na àtàǹpàkò, tí wọ́n fi kan igi imú náà lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣẹ́ ti parí.

"Màmá, ẹ wo ibí, ẹ rẹ́rìn-ín!" ni ayàfọ́tò wí.

Ibẹ̀ ni ẹkún ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fa aṣọ ìnujú yọ nínú báàgì, wọ́n fi bo gbogbo ojú láti iwájú orí dé àgbọ̀n, iná fọ́tò sì kọ.

"Ẹ tún un yà!" mo pariwo láti ìlà iwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un yà!"

Ayàfọ́tò wo kámẹ́rà rẹ̀. Fíìmù ti tán.

Màmá mi ti lọ bá wọn báyìí, ó pé ọdún mẹ́fà. Fọ́tò méjèèjì ló wà lórí ògiri mi lókè ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Nínú ti ọwọ́ òsì, màmá mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó bojú. Nínú ti ọwọ́ ọ̀tún, bàbá mi dúró ní òkúta funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó bojú. Bí mo bá fẹ́ rí àwọn méjèèjì pa pọ̀, ojú mi á máa lọ láti ọ̀kan sí èkejì.

Ọmọ mi obìnrin, òun náà gbé imú yẹn. Ó dúró níwájú wọn lọ́jọ́ kan, ó na ìka sí ọ̀tún.

"Màmá, kí ni bàbá àgbà fẹ́ sọ?"

Mo ní wọn ò fẹ́ sọ nǹkan kan, wọ́n fẹ́ sín ni. Kò gbà. Ó fa àga sábẹ́ fọ́tò náà, ó jókòó, ó ń dúró.